Ọwọ́ Tó Ń Kú Lórí Alùpùpù: Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Dúró

Ẹni tó bá ti wa alùpùpù fún wákàtí kan gbáko láì sọ̀ kalẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìka á kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́ láàrin rọ́bà tí ẹ dì mú àti ìka tí ẹ fi dì í mú. Ẹ óò yọ ọwọ́ kan, ẹ óò gbọ̀n ọ́n sínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ á sì jí. Kò ní pẹ́ tí yóò tún kú.

Ẹni tí ẹ bá bi pé kí ló fà á, ẹ̀jẹ̀ ni yóò pè é. "Ẹ̀jẹ̀ ò rìn dé ibẹ̀ ni. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n, ẹ máa fi nǹkan gbígbóná ra á, ẹ lọ ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ń fi ìpara tó ń ta wọ́ ọwọ́ lálaalẹ́, mo sì ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù lọ tí mo rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo ń fi ojú ara mi rí bọ́tìnnì náà láàrin ìka mi, ṣùgbọ́n ìka ò sọ fún mi pé òun mú ohunkóhun. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo gbé e lọ bá, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú egungun àti iṣan, kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìka wo?" Mo ní gbogbo ọwọ́ ni. Ó ní rárá, kí n fara balẹ̀ wò ó. Nígbà tí mo fara balẹ̀, ọmọńdinrín ni, pẹ̀lú ìdajì ìka òrùka. Ìdajì, kì í ṣe odindi. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọmọńdinrín ti kú, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìka àárín ṣì mọ nǹkan.

Ìdajì ìka yẹn ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, torí èdè wa fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tó ń dà wá lọ́kàn rú. Iṣan là ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan là ń pe okùn líle tó ń fa ìka ká kò. Iṣan náà la tún ń pe èyí tó ń gbé ìròyìn láti orí ìka lọ sínú ọpọlọ, bí wáyà ṣe ń gbé iná. Nígbà tí ẹnì kan bá wá sọ pé "iṣan ló dì," èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Èmi á máa pe ti ẹ̀jẹ̀ ní òpó ẹ̀jẹ̀, màá pe ti ìka ní okùn ìka, màá sì pe ìkẹta ní iṣan ìmọ̀lára. Ìkẹta yìí gan-an ló ń kú lọ́wọ́ wa lórí alùpùpù.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò fúnra yín. Nígbà tí ọwọ́ bá kú, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tẹ èékánná ìka tó kú náà títí yóò fi funfun, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rìn bó ṣe yẹ, àwọ̀ rẹ̀ á padà láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ èmi, kíá ló padà, ìka náà ò sì tíì mọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dé, ìmọ̀lára ò dé.

Ẹ wá wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ ọwọ́. Òpó ńlá méjì ló ń gbé e wá, ọ̀kan gba ìhà àtàńpàkò, níbi tí àwọn dókítà ti ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, èkejì gba ìhà ọmọńdinrín. Nínú àtẹ́lẹwọ́, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n so pọ̀ bí ọrun, láti ara ọrun yẹn ni ẹ̀ka ti ń lọ sí ìka kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fún, èkejì á máa bọ́ ọwọ́ lọ. Kò sí bí àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣe máa fa ìlà tóóró sí àárín ìka òrùka, kó pa apá kan, kó dá apá kejì sí.

Iṣan ìmọ̀lára ló pín ìka náà bẹ́ẹ̀. Èyí tó gba àárín ọrùn ọwọ́ kọjá ló ni àtàńpàkò, ìfábẹ̀lá, ìka àárín, àti ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka tó kọjú sí ìka àárín. Èyí tó gba ìhà ìta ló ni ọmọńdinrín àti ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka tó kù. Bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ fi etí rẹ̀ ra ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìka òrùka nígbà tí ọwọ́ bá kú. Ẹ óò mọ èyí tí ẹ̀ ń tẹ̀ nínú iṣan méjèèjì.

Ìṣòro kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú ibi tó ti ń wá. Iṣan ti àárín gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́: egungun ni ilẹ̀ ihò náà, awọ líle kan tó nà kọjá lókè ni òrùlé rẹ̀, okùn ìka mẹ́sàn-án ló sì ń bá iṣan náà du àyè níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ọrùn ọwọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, inú ihò náà á túbọ̀ le. Bí ẹ bá fún nǹkan mọ́wọ́, okùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á fà, wọn á sì fún iṣan mọ́ra. Iṣan ti ìhà ìta ní tirẹ̀ kò ní ẹran púpọ̀ tó bò ó nídìí àtẹ́lẹwọ́, níhà ọmọńdinrín. Ibẹ̀ gan-an la sì ń fi gbogbo àyà àti èjìká tì mọ́ háńdù. Iṣan yìí náà ló ń ta yín bí iná nígbà tí ẹ bá fi ìgúnpá gbá nǹkan, tí ìrora sì sáré dé ọmọńdinrín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ ò mọ̀.

Kí ló wá dé tí gbígbọ̀n fi ń jí ọwọ́? Ìbéèrè yìí ló mú kí ìtàn ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ẹ tó lè gbọn ọwọ́, ẹ ní láti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ lára háńdù. Okùn ìka á dẹ̀, ọrùn ọwọ́ á nà, ẹrù èjìká á kúrò lórí àtẹ́lẹwọ́. Ìtúsílẹ̀ yẹn ló jí ọwọ́. Àwọn dókítà mọ ọwọ́ gbígbọ̀n yìí dáadáa: bí ènìyàn bá ní òun máa ń jí lóru tí òun á máa gbọn ọwọ́ kí ó lè mọ nǹkan, ọ̀kan nínú àmì tí wọ́n fi ń fura pé iṣan àárín ló há nìyẹn.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ o, mi ò ní fi pamọ́. Iṣan ìmọ̀lára náà ní àwọn òpó tíntìntín tó ń bọ́ ọ, nígbà tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, a ń tẹ àwọn náà. Ṣùgbọ́n inú iṣan lọ̀hún nìyẹn wà. Ìpara tí a fi ra awọ kò lè gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀ràn kan sì wà tó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 1918, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Alice Hamilton, lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ní ìlú Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana. Irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn ti mú kí ìka wọn máa funfun bí ẹfun nígbà òtútù. Òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń fún níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìka náà yí àwọ̀. Bí tiyín bá ń funfun tí ààlà rẹ̀ hàn gbangba, pàápàá nínú òtútù, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ yìí, ẹ lọ fi han dókítà. Bí àwọ̀ kò bá yí, tó jẹ́ pé ṣe ni ìka kàn kú, ẹ padà sọ́dọ̀ iṣan ìmọ̀lára.

Ó wá kan ìbọ̀wọ́. Èmi rò pé bó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe dáàbò bò mí tó. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ tó nípọn ń sọ háńdù di gbọ̀ngbọ̀n lọ́wọ́, ẹni tó bá sì mú ohun gbọ̀ngbọ̀n gbọ́dọ̀ fún un mọ́wọ́ kó má bàa bọ́. Bí ẹ bá ṣe fún un tó, bẹ́ẹ̀ ni okùn ìka yóò máa tẹ iṣan tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa ráyè gùn yín lápá. Ìgbọ̀n náà kì í ṣe kékeré: ẹ́ńjìnnì tó bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ mu, tí kò fún ọrùn ọwọ́, tí ojú rírán rẹ̀ kò sì gba ìdí àtẹ́lẹwọ́, sàn ju èyí tó wú bí tìmùtìmù lọ.

Ibi tí mo ti rí ìwòsàn jù lọ ni ìjókòó àti ọwọ́ bíréèkì, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gun alùpùpù bí ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ dijú, kí ẹ na ọwọ́ sí háńdù kí ìka bọ́ sórí bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ la ojú, ẹ wo ọrùn ọwọ́ yín. Láti ìgúnpá dé oríkèé ìka, ó yẹ kó tọ́ bí rúlà. Tèmi ṣẹ́ sókè gan-an, torí ẹni tó dè é ti gbé irin kílọ́ọ̀ṣì sókè jù. Mo tú nọ́ọ̀tì tó di irin náà mú, mo yí i wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, mo dè é padà. Kí ẹ tó gbéra, ẹ rí i pé bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kébù kò sì fà nígbà tí ẹ bá yí háńdù sọ́tùn-ún sósì.

Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń jìyà jù, torí òun ló ń fúnná, kò sì lè tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń di rọ́bà náà mú tán ká tó yí i, nígbà tí iná bá fi máa tó, ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún wákàtí kan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ síwájú díẹ̀ lórí rọ́bà kí ẹ tó yí i, nígbà tí ẹ bá wá dé eré tí ẹ ó máa sá lọ, ọrùn ọwọ́ á tọ́. Kébù iná tó ti gbẹ, tó ń ta kú, ń fi agbára gba ọwọ́ yín lójoojúmọ́. Ẹ ta epo sí i tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbé ara lé ọwọ́. Orúnkún ló yẹ kó di táǹkì mú, kí ikùn àti ẹ̀yìn gbé àyà dúró, kí ìgúnpá sì tẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú háńdù bí ẹni mú ẹyin adìẹ: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ fọ́. Ẹni tó bá lè gbé ìka sókè lọ́kọ̀ọ̀kan lórí rọ́bà láìjẹ́ pé èjìká rẹ̀ mì, òun ló jókòó dáadáa.

Bí ìgbọ̀n náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i láìpẹ́, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ nọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù wò, ṣéènì náà àti táyà. Ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wákàtí kan bá pé, kódà bí ọ̀nà bá dán.

Àwọn nǹkan kan wà tí irin yíyí kò lè tún ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kú lóru lórí ibùsùn, ẹni tí nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ẹran ìdí àtàńpàkò rẹ̀ ń rù, kó má dúró. Àtọ̀gbẹ, àìtó fítámì B12, oyún, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì, àti iṣan tó há ní ọrùn, gbogbo wọn lè pa ìka. Iṣan tí a tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ máa ń jí láàrin ìṣẹ́jú. Èyí tí a tẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lè gba oṣù púpọ̀ kó tó padà, òmíràn kì í padà tán. Bí ọwọ́ kan bá sì kú lójijì, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu, rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kó má sì wa alùpùpù fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọwọ́ ń kú. Ẹ sọ ìka wo, ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ wo lára ìka òrùka, ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa ń wa alùpùpù kó tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tó ń gbà kó tó jí. Èmi kọ ọ́ sínú ìwé kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni dókítà náà kà kó tó ní kí n tẹ ìgúnpá mi, kí n sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ mi han òun.