Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ Ná

Akátá gbé adìẹ, ẹnìkan dúró, ó ń bá adìẹ wí pé ó jẹ̀ jìnnà. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Inú máa ń bí mi tí ọ̀rọ̀ bí Hitler ṣe ń pa àwọn Júù nígbà ogun bá délẹ̀, tẹ́nìkan á ní: "Àwọn rábì, olórí ẹ̀sìn Júù yẹn ńkọ́, ṣebí òfin Amẹ́ríkà ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí ló dé tí wọn ò tètè sá?"

Ó ṣílẹ̀kùn lóòótọ́. Òfin ọdún 1924 yọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nínú iye èèyàn tí wọ́n ń gbà láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan; ìyàwó àtọmọ tí ò tíì pé 18 lè bá a wọlé. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ náà fọ́dún 2 láìdáwọ́ dúró kó tó tọrọ físà, iṣẹ́ yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ wá ṣe. Kí ìjọ tó ń pè é kọ iṣẹ́ àti owó oṣù sínú lẹ́tà. Ẹ̀bẹ̀ lásán ò gba físà. Ta ni yóò wá jẹ́rìí ọdún 2 fún rábì tí àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dáná sun sínágọ́gù rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, tí ìjọ rẹ̀ ti fọ́n ká?

Hebrew Union College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù ní Cincinnati, Amẹ́ríkà, pe Arthur Spanier, ọ̀mọ̀wé Júù láti Jámánì, pé kó wá. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀: wọ́n ní olùtọ́jú ìwé ni, àti pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn Júù tó ti ń kọ́ni ní Berlin ò tó yunifásítì. Ta ló já ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nípò? Ìjọba Hitler! Akátá tu ìyẹ́ adìẹ tán, a wá ń bi adìẹ pé ìyẹ́ rẹ̀ dà. Bergen-Belsen, àgọ́ ìfìyàjẹni Hitler, ni Spanier kú sí. Ti Albert Lewkowitz, ọ̀mọ̀wé Júù mìíràn, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló jóná nígbà tí Jámánì ju bọ́ǹbù sí Rotterdam ní Netherlands lọ́dún 1940. Aṣojú Amẹ́ríkà ní kó lọ gba òmíràn wá láti Jámánì.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Kaunas, ní Lithuania, lọ́dún 1940, Jan Zwartendijk, aṣojú Netherlands, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó ń sá pé wíwọ Curaçao, erékùṣù tó wà lábẹ́ Netherlands, ò gba físà. Apá kejì gbólóhùn náà, pé gómìnà ibẹ̀ ló ń fàyè gbani, ó fò ó. Sugihara, aṣojú Japan, rí ìyẹn, ó tẹ físà tí wọ́n á fi gba Japan kọjá lé e. Nígbà náà ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà, tó jẹ́ kí wọ́n jáde, dọ́là ni wọ́n sì fi ń sanwó ọkọ̀ ojú irin tó gba Siberia lọ sí Vladivostok, kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi dé Tsuruga ní Japan. Báyìí ni Mir, ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àwọn Júù, ṣe jáde, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn rábì Amẹ́ríkà nínú Vaad Hatzala, ẹgbẹ́ tó ń gba àwọn Júù là, ń ṣa owó jọ lẹ́yìn wọn. Bí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí bá kù, gbogbo rẹ̀ di pépà lásán.

Nítorí náà, ẹ yé bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò tètè sá. Ẹ bi ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, tí iná ń jó lókèèrè, tó ń ní kí wọ́n lọ bá òun wá ìwé nínú eérú.