Ìwé Ilẹ̀ Ló Yẹ Kí Ọgbà Àdúgbò Kọ́kọ́ Ní

Bí katapílà bá ti dé ẹnu ọ̀nà ọgbà àdúgbò, ìyẹn ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò jọ ń gbin nǹkan sí, kí àwọn tó ń dáko níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà, lójú tèmi, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, nítorí ìgbà náà gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń gbé pátákó dání, tí àwọn oníròyìn sì máa ń wá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ máa bèèrè, kì í bèèrè ewébẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ilẹ̀ tí ilé ti wó, tí àdúgbò sọ di ààtàn, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí ènìyàn bá ki ọkọ́ bọlẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ti ìgò ni yóò máa hú jáde. Wọ́n á ṣà á ní apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da ewé jíjẹrà àti èèpo èso lé ilẹ̀ náà, wọ́n á sì máa dúró. Ó di ọdún bíi mélòó kan kí erùpẹ̀ ibẹ̀ tó dúdú, kí ó tó rọ̀ lọ́wọ́, kí ekòló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí níbi tí ìgò wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí oníṣòwò ilé tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ bá ní òun yóò fún wọn ní ilẹ̀ mìíràn, ọdún àkọ́kọ́ yẹn ló tún ń dá wọn padà sí, àti àfọ́kù ìgò rẹ̀.

Ní New York, ọdún 1973 ni Liz Christy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó pàǹtírí kúrò lórí ilẹ̀ kan ní igun òpópónà Bowery àti Houston. Ní 1974, ìjọba ìlú fi ilẹ̀ náà háyà fún wọn ní dọ́là kan lóṣù, nítorí kò sí ẹni tó ń du irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó fi di 1999, owó ilẹ̀ ti gbówó lórí, ni ìjọba Rudolph Giuliani, olórí ìlú náà nígbà náà, bá ní òun yóò lu ọgbà tó lé ní 100 ní gbànjo. (Ọgbà a sì máa wà lára ohun tó ń sọ ilé tó yí i ká di ọ̀wọ́n, èyí ló dùn mí jù.) Ariwo àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ tirẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tó yọ wọ́n ni pé àjọ méjì tí kì í ṣe ti ìjọba, Trust for Public Land àti New York Restoration Project, tí òṣèré Bette Midler dá sílẹ̀, ra àwọn ọgbà náà ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là, tí ìwé sì bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ní Los Angeles, owó ti pẹ́ jù. Oko South Central tó éékà 14, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ló sì ń jẹ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rí ẹni tó máa san iye tí onílẹ̀ bèèrè, ó ti ní òun kò tà á fún wọn mọ́. Wọ́n lé wọn jáde ní oṣù kẹfà 2006, ilẹ̀ náà sì wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan á ní ènìyàn kò lè sùn sórí ewébẹ̀. Òótọ́ ni, ilé wọ́n. Ṣùgbọ́n apá ta ni yóò ká owó ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀?

Bí mo bá wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́gbà kan lónìí, ìpàdé wa tó ń bọ̀ kò ní dá lórí irúgbìn. N ó ní kí ẹnì kan lọ wo orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ilẹ̀ náà, kí a mọ ọjọ́ tí háyà wa yóò parí, kí a sì forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ó lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì ga jù wá lọ.