Nọ́ńbà ara àmì iná kì í sọ bí ọjà ṣe dára tó

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ àmì pupa tó ní àwòrán iná, lára páálí lọ́fínńdà, ń sọ bí ọjà ṣe dára tó: 1 ni ojúlówó, 3 ni ayédèrú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lánàá ni mo rí ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ń fi èékánná họ 3 náà kúrò. Àyà mi já.

Oríṣi ewu ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. 3 ni nǹkan olómi tó tètè ń gbaná. 8 ni ohun tó ń jẹ ara, bí ásíìdì bátìrì. 1 tí wọ́n ń pè ní ojúlówó yẹn, ohun tó ń bú gbàmù ni!

Ẹ wo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "UN" lára páálí náà; nọ́ńbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni, òun ló ń sọ irú ọjà eléwu tó wà nínú rẹ̀. UN1266 ni ti lọ́fínńdà. Ẹ wá a lórí Google. Mo mọ̀ pé ire lẹni tó fi í ránṣẹ́ ń rò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ṣọwọ́ síbi tí ẹ ti rí i.