Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé ni àwòrán yẹn

Bí owó bébà dọ́là méjì ti Amẹ́ríkà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ yí i padà. Àwòrán kan wà lẹ́yìn rẹ̀: àwọn ọkùnrin kún inú yàrá ńlá kan, márùn-ún nínú wọn dúró síwájú tábìlì, wọ́n gbé ìwé wá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè, á ní ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu ìwé òmìnira Amẹ́ríkà nìyẹn, ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1776.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un wò dáadáa, ẹ ò ní rí ẹni tó ń buwọ́ lu nǹkan kan. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ayàwòrán náà yà, ọjọ́ tí àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn láti kọ ìwé náà gbé e wá síwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 2 oṣù keje ni ìgbìmọ̀ dìbò pé àwọn ò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọjọ́ 4 ni wọ́n gba ọ̀rọ̀ inú ìwé náà wọlé. Ó di ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó buwọ́ lù ú. Èdè tiwa náà lè kó wa ṣìnà níbí: bí a bá ní wọ́n “fọwọ́ sí” ìwé, ó lè jẹ́ pé wọ́n gbà á wọlé, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kọ orúkọ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé “buwọ́ lù”.

John Trumbull ló ya àwòrán náà. Kò sí nínú yàrá yẹn rárá, sójà Amẹ́ríkà ni lásìkò náà. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kan ti bàjẹ́, síbẹ̀ ní ọdún 1775 ó rá pálá gba inú koríko gíga lẹ́bàá Boston, ó lọ yàwòrán odi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé iwájú George Washington, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó sọ ọ́ di ADC rẹ̀, ìyẹn sójà tó ń ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1776 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì, àmọ́ nígbà tí ìwé oyè rẹ̀ dé, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kọ sí i. Ó dùn ún wọra. Ní ọdún 1777 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nítorí déètì yẹn. Ẹni tó ka déètì sí tó báyìí ni gbogbo ayé wá ń ka déètì àwòrán rẹ̀ sódì.

Ní ọdún 1780 ó wọ London lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Benjamin West, ayàwòrán ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nígbà tí ogun ṣì ń jà. Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ará Amẹ́ríkà ti so Major André, ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ́ gẹ́gẹ́ bí amí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbẹ̀san lára Trumbull, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù méje.

Ní ọdún 1786, nílé Thomas Jefferson ní Paris, ni Jefferson, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó kọ ìwé náà, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya bí yàrá ìgbìmọ̀ náà ṣe rí fún Trumbull. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá, ó sì ṣi ilẹ̀kùn yà. Trumbull ò fi ìyẹn ṣe ìṣòro, torí ojú èèyàn ló ń wá. Ní ọdún 1787, bí John Adams, tí òun náà wà nínú àwọn márùn-ún yẹn, ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò ní London, ó fi kóòmù ya àtíkè kúrò nínú irun rẹ̀. Trumbull rí i pé irun náà ká dáadáa, ó sì lo àǹfààní yẹn láti ya ojú rẹ̀ sínú àwòrán kékeré tó ń gbé kiri. Ní ti Benjamin Harrison, ọ̀kan nínú àwọn tó buwọ́ lùwé, ọmọ rẹ̀ ló wò kó tó yà á, torí ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀. Àwọn 42 ló rí yà nínú àwọn 56 tó buwọ́ lùwé, ó fi àwọn márùn-ún tí kò buwọ́ lù ú kún wọn, títí kan John Dickinson tó ta ko òmìnira náà. Kò sí ọjọ́ kan tí àwọn 47 yẹn jọ wà nínú yàrá kan.

Ní ọdún 1817 ìjọba gbé iṣẹ́ àwòrán ńlá mẹ́rin fún un ní 32,000 dọ́là, èyí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì gbé wọn kọ́ sí ilé aṣòfin ní Washington ní ọdún 1826. Èmi ò pè é ní òpùrọ́. Ojú tí ikú ì bá mú lọ ló kó jọ.

Àmọ́ ohun kan ń dùn mí. Nígbà tó padà sí ilé Jefferson ní Paris ní ìgbà òtútù ọdún 1787 láti ya ojú Jefferson sínú àwòrán náà, James Hemings, ẹrú Jefferson, ló ń dáná nínú ilé yẹn. Kò sí àwòrán ojú Hemings kankan tó kù títí dòní.