Ìpalẹ̀mọ́ gan-an niṣẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ dá sí sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé kó lọ wá ibi tí wọ́n kọ "good first issue" sí, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tí ẹni tuntun lè fi bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí iṣẹ́ kékeré yẹn, ó lè ti fi odindi ọjọ́ méjì bẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ètò náà ṣí.

Ojú tèmi náà rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún ṣe, èyí tí wọ́n ṣì kọ sórí bọ́tìnì. Mo ṣe fork (ẹ̀dà iṣẹ́ náà tó jẹ́ tèmi), mo ṣe clone (mo gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà mi), mo ṣí README, ìyẹn fáìlì àlàyé tó ń bá iṣẹ́ náà rìn, mo tẹ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Èdè kóòdù tó ń jẹ́ Python ni wọ́n fi kọ ètò náà. Pip, tó ń kó irinṣẹ́ wọlé fún Python, ló kọ́kọ́ yarí, ó ní "externally-managed-environment". Ìyẹn ò kúkú le: láti ọdún 2023 ni Debian àti Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Linux, ò ti gbà kí pip máa da nǹkan pọ̀ mọ́ Python tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ń lò. Mo ṣe venv, ìyẹn àyè ọ̀tọ̀ fún Python iṣẹ́ yìí nìkan. Òmíràn tún yọjú: "No module named 'distutils'", ìyẹn ni pé kò rí irinṣẹ́ Python kan tó ń jẹ́ distutils. Ibẹ̀ ni mo há sí. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ tí mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó rí i pé Python 3.12, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ti yọ distutils dànù, àti pé 3.10 làwọn tó ni iṣẹ́ náà ń lò ní tiwọn. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan.

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, onílé ni kò ríran. Lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere, kí ló máa wá wò nínú README?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ pé kó ṣí fáìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kọsẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: àṣẹ tẹ́ ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ fi dá yín lóhùn, ohun tó pàpà tú u. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ṣiṣẹ́ o. Tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ẹ ti di onílé nìyẹn.

Àwọn kan á ní ṣebí Docker, tó ń di ètò àti gbogbo ohun tó nílò pọ̀ sójú kan, ti yanjú ẹ̀. Ó yanjú díẹ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ ò ju 4GB lọ, ẹ ó gbọ́ ariwo fáànù. Dockerfile (fáìlì àṣẹ tí Docker ń tẹ̀ lé) tí wọ́n sì kọ "python:latest" sí, ọ̀fìn kan náà ló ń gbẹ́, torí Python tó tuntun jù ló máa mú.

Ìlà méjì ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn nígbẹ̀yìn: ọ̀kan nínú README, ọ̀kan ní pyproject.toml (fáìlì tó ń sọ ohun tí ètò náà nílò), pé kí Python má dé 3.12. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì yẹn ńkọ́? Kí n tó padà débẹ̀, ẹlòmíì ti tún un ṣe.