Ẹ Bi Onílé Kí Ẹ Tó Fa Ìlà

Ìdajì kìlómítà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdajì kìlómítà lọ́wọ́ òsì. Ilẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní òun fẹ́ lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà tí wọ́n ń ṣe yí Ìbàdàn ká nìyẹn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti dìjà, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé ìjọba pé àwọn ará agbègbè tọ́rọ̀ kàn gbé páálí jáde. Ẹni tó ti ń fi owó àjọ ra búlọ́ọ̀kù láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó kó wọlé láìtíì rẹ́ ògiri, tó wá ń gbọ́ pé ilẹ̀ tí ilé òun dúró lé ti bọ́ sínú ààlà tí ìjọba ní òun fẹ́ lò, kí ni wọ́n rò pé yóò ṣe?

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí, a ti sọ ọ́ rí. A sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ títì láàárín ìgboro. A sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọlọ́jà kúrò lẹ́bàá ọ̀nà. A ó tún un sọ, nítorí ó jọ pé etí tí à ń sọ ọ́ sí kò tíì gbà á: ẹ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbé ibì kan kí ẹ tó fa ìlà sórí máàpù ibẹ̀. Kí ẹ tó fà á. Ẹ má fà á tán kí ẹ tó wá máa pe ìpàdé.

Títì kọ́ ni àwọn èèyàn ń bá jà. Kìlómítà 110 ni gbogbo òpópónà náà. Apá ìlà oòrùn rẹ̀, tó tó kìlómítà 32, ni yóò so títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn pọ̀ mọ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti há sẹ́yìn tírélà ní Ìwó Road rí mọ ìtura tó wà nínú kí ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Ifẹ̀ tàbí Iléṣà má gba inú ìgboro kọjá mọ́. Orúkọ Rashidi Ládọjà, tó ti di Olúbàdàn báyìí, ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nípò gómìnà. Lọ́jọ́ tí a bá wakọ̀ yí i po láìdúró, ìwé ìròyìn yìí yóò wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ dúpẹ́.

Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ìjà.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Lórí títì márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀, mítà 45 ó lé díẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ ò pé 100. Èyí tí à ń wí yìí, 500 ni lápá kan, 500 lápá kejì. Tí a bá fi wọn apá ìlà oòrùn nìkan, ó tó hẹ́kítà 3,200. Bí wọ́n bá gbé ìwọ̀n kan náà yí gbogbo òpópónà ká, hẹ́kítà 11,000 nìyẹn, ó ju éékà 27,000 lọ, bí ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀ tí Yunifásítì Ìbàdàn wà lórí rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tó nílò àyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti kọjá. Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ má fi ọ̀rọ̀ títì bo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbèjà ìjọba yóò sọ pé bí a ò bá fi ètò sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà, ṣọ́ọ̀bù onípákó ni yóò gba ibẹ̀ kí ọdún tó yípo. Yóò ní iye ilẹ̀ yóò gòkè, pé ó sì yẹ kí àpò ìjọba tó náwó sí títì rí nínú èrè náà. Ọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n nínú ni, a ò ní pe ẹni tó sọ ọ́ ní ọ̀tá ìlú. Ṣùgbọ́n èrè tó ń bọ̀ yẹn, ilẹ̀ ta ni wọ́n fẹ́ fi pa á? Ṣé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú títì yóò bá wọn pín nínú rẹ̀, àbí wọn yóò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n lọ tà á fún ẹlòmíì tí àpò rẹ̀ wú ju tirẹ̀ lọ? Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ jáde nìyẹn.

A mọ̀ pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní òfin tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Abala 51 òfin náà sì ka ilẹ̀ tí iye rẹ̀ máa gòkè nítorí títì tí ìjọba fẹ́ ṣe mọ́ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ka abala kan kí wọ́n pa ìwé dé. Abala 28 ní kí ìwé ìfitónilétí dé ọwọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó lè dópin. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ náà ti sọ ọ́ láti 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, pé gómìnà ò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kó gbé e fún ẹlòmíì fún ìlò ara rẹ̀, kó sì pe ìyẹn ní àǹfààní gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ ẹ́sítéètì àwọn oníṣòwò ilé ló máa gba ìdajì kìlómítà yìí, kí ìjọba jáde sọ bí ìyẹn ṣe yàtọ̀ sí ohun tí ilé-ẹjọ́ kọ̀.

Abala 29 ló ń dùn wá jù. Ẹni tí ilé bá wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ yóò gba iye tí wọ́n bá ṣírò pé yóò náni láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ogbó ilé kúrò. Ẹni tó gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ yóò gba owó irè oko rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni, ìyẹn bó bá san rárá. Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó kó owó àjẹmọ́nú rẹ̀ sórí ilẹ̀ kan tí kò tíì kọ́, gbogbo ohun tó san fún mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ fún un, owó sọ̀fíyọ̀, owó agbẹjọ́rò, èyí tí àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣán ibẹ̀, òfin ò ka ọ̀kankan sí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abùjá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè tún abala yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n òfin ò dí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan lọ́wọ́ láti san ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dí i lọ́wọ́ láti dín 500 mítà náà kù.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní abala 44 pé kíákíá ni kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. Kíákíá ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Àwa tí à ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àwọn òǹkàwé mọ bí kíákíá ṣe ń rí: bàbá yóò kú, ọmọ yóò máa tẹ̀lé fáìlì kiri láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn.

Wọn yóò ní wọ́n ti bá àwọn tọ́rọ̀ kàn sọ̀rọ̀. A ti jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kọjá kíkà, kí ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí. Wọn yóò pe Baálẹ̀, wọn yóò pe Mọ́gàjí, wọn yóò pe alága ẹgbẹ́ onílé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé, aago méjìlá ni ọ̀gá yóò dé. Àdúrà, orin ìpínlẹ̀, ìkíni tí yóò gba ìdajì wákàtí. Ẹnjiníà yóò fi àwòrán hàn lára ògiri, àwòrán tó ti parí, tí wọ́n ti fi ọ̀dà aláràbarà kùn. Wọn yóò ní kí ẹni méjì sọ̀rọ̀ nítorí àkókò. Wọn yóò ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, a ó gbọ́ pé àwọn ará ìlú ti fọwọ́ sí i. Ó tó gẹ́ẹ́! Ìkéde nìyẹn, ìgbọ́rọ̀ kọ́. Ẹni tí wọ́n ti gé aṣọ fún tán kó tó débẹ̀, ìwọ̀n wo ni wọ́n tún fẹ́ gbà lára rẹ̀?

Ẹ sì wo àwọn tí wọn ò bi léèrè wọ̀nyí. Ní eteetí ìlú, láti Ọ̀nà-Àrà dé Ẹgbẹ́dá dé Olúyọ̀lé, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló ń dá owó ra tiransifọ́mà. Àwọn ló ń ra òpó iná, àwọn ló ń gba ọdẹ, àwọn ló ń da yangí sí kòtò nígbà òjò kí ọkọ̀ ọmọ iléèwé lè kọjá. Iṣẹ́ tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ni wọ́n ń ṣe láti inú àpò ara wọn. Wọ́n ti mọ ibi tí iná dé àti ibi tí kò dé, wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ò mọ iye wọn, torí ìkànìyàn tí a ṣe kẹ́yìn lórílẹ̀-èdè yìí, 2006 ni. Ó yẹ kí ẹni tí kò ní iye èèyàn lọ́wọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n lójúlé lójúlé.

Ọ̀rọ̀ omi ńkọ́? Ìlú yìí ò lè ní òun ò mọ̀. Odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 ẹ̀wẹ̀, òjò gbé afárá lọ, ènìyàn tó lé ní 100 sì bá a lọ. Ti 2011 yẹn ló mú kí a yá 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn, inú iṣẹ́ yẹn náà sì ni wọ́n ti ṣe àwòrán bí gbogbo ìlú yóò ṣe máa gbòòrò. Níbo ni àwòrán yẹn wà báyìí? Báwo ni 500 mítà yìí ṣe bá a mu? Ìyá tó ti fi ogún ọdún ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò kan lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi máa ń gbà bí òjò oṣù kẹsàn-án bá dé, láìwo ìwé kankan. Bí wọ́n bá gbé yẹ̀pẹ̀ títì dí ibẹ̀, ilé rẹ̀ ni omi yóò yà sí. Ìdí tí Òfin Àyẹ̀wò Àyíká ti 1992 fi pàṣẹ ní abala 7 pé kí àwọn ará ìlú sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ láti fi ṣe inú rere sí ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ tí ẹnjiníà ò ní ló wà lẹ́nu wọn.

Wọ́n máa ń ki ìlú yìí pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Lórí ilẹ̀ tí à ń wí yìí, onílé àti àjèjì jọ wà níbẹ̀ ni. Mọ̀lẹ́bí tó jogún oko lọ́dọ̀ baba ńlá wọn wà níbẹ̀, ẹni tó ti Èkó wá ra ilẹ̀ nítorí owó ilé tó wọ́n ju agbára rẹ̀ lọ náà wà níbẹ̀. Ní báyìí, kò sí ẹni tí wọ́n gbè nínú wọn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé kò ju agbára ìjọba rẹ̀ lọ. Kó dá ìdajì kìlómítà náà dúró. Kí iṣẹ́ títì fúnra rẹ̀ máa lọ lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí títì nílò, kí wọ́n san owó àwọn tí ìyẹn bá kàn kí katapílà tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá jókòó ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, láì mú àwòrán tó ti parí lọ́wọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ tó kù ṣe àti ẹni tí yóò jèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àwọn onílé wá tún ìwé ilẹ̀ wọn ṣe, kí wọ́n sọ iye tó máa ná wọn. Bó bá jẹ́ pé wọn yóò wó ilé, kí wọ́n sọ ilé tí yóò lọ àti ìgbà tí yóò lọ. Abala 33 nínú òfin ilẹ̀ gbà kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n bá gba ilé rẹ̀ ní ibòmíràn láti gbé dípò owó; kí wọ́n fi ibẹ̀ han àwọn èèyàn kí wọ́n tó ní kí wọ́n kó jáde.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2027 ni sáà ìjọba yìí parí. Ẹni tí wọ́n bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí yóò ṣì máa wá ìdáhùn kiri lẹ́yìn ọjọ́ náà, lọ́wọ́ ẹni tí yóò ní òun kọ́ lòun fa ìlà. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ báyìí, orúkọ àdúgbò, ìwọ̀n ilẹ̀ àti iye owó, lédè Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ti Ẹgbẹ́dá àti ti Olúyọ̀lé, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ti lè dúró kà á.