Àtúnṣe lórí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé àti àyà ìyá rẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, pé kí ìyá má fọwọ́ kan ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀ nínú ẹ̀rọ amọ́mọgbóná, ti di ìmọ̀ àtijọ́. Ìwádìí ọdún 2021, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 5, tí Ilé-Ifẹ̀ wà nínú wọn, fi hàn pé bí a bá tètè gbé ọmọ tí kò tó kílò 1.8 lé ìyá rẹ̀ láyà, ara kan ara, ikú ń dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀rọ kò di aláìwúlò o, nítorí ọmọ tí kò lè dá mí ṣì nílò rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà a sì máa ṣọ́ tìyátọmọ. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn títètè gbé ọmọ lé ìyá láyà bẹ́ẹ̀, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.